Bí Asáré Mítà 800 Ṣe Ń Là Á Já ní Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ sárésáré tí a ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gba góòlù, aṣọ yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ kí wọ́n tó wọ ti orílẹ̀-èdè wọn. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, yunifásítì Texas tó wà ní El Paso ló ń sáré fún nígbà tó gbapò kìíní láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2017. Ní July 24, 2022, ní Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon, ó fi 12.12 gba àkọsílẹ̀ ayé nínú eré mítà 100 tí wọ́n ń fo ìdènà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, lórí pápá yẹn kan náà, Athing Mu, ọmọ ogún ọdún, gba góòlù ayé nínú mítà 800. Yunifásítì lòun náà ti wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú asáré mítà 800 ń rí nílé-ìwé yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sá eré kúkúrú, torí òun ló rọrùn jù fún kóòṣì láti lò kọjá agbára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo eré náà fúnra rẹ̀. Yíyí pápá lẹ́ẹ̀mejì ni. Kálukú á bẹ̀rẹ̀ lójú ìlà tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi yọ nínú kọ́nà àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí wọ́n fàlà sí, gbogbo wọn á ya wọnú lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni ìgbọ̀nwọ́ ti ń gbá ìgbọ̀nwọ́, tí ìṣó abẹ́ bàtà ń ya ojúgun ẹlòmíì. Ẹni tó bá há sáàárín kò ní ráyè jáde nígbà tí àwọn yòókù bá gbéra. Ní June 2024, nínú àṣekágbá tí Amẹ́ríkà fi yan àwọn tó lọ sí Olympics Paris, Athing Mu ṣubú ní ìyípo àkọ́kọ́. Ó dìde, ó sá a parí, òun ló sì kẹ́yìn. Bí ẹni tó gba góòlù ní Tokyo kò ṣe lè gbèjà góòlù rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó bá ku bíi mítà 150, ìyà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú agbára tí wọ́n fi ń sá mítà 800, ó ju ìdajì lọ tó ń ti inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí wá. Ìyókù, ṣúgà inú iṣan ni ara ń sun láìdúró de afẹ́fẹ́, ohun tí sísun bẹ́ẹ̀ sì ń fi sílẹ̀ nínú iṣan ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wúwo tí èjìká sì ń le gbagidi. Nítorí náà, asáré yìí gbọ́dọ̀ ní eré ẹsẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sá mítà 400, kó sì ní èémí bíi ti ẹni tó ń sá ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀bùn méjèèjì tó pa pọ̀ sára rẹ̀ yìí náà ló ń kó o sí wàhálà nílé-ìwé.

Sáà mẹ́ta ni wọ́n ń sá lọ́dún. Láti September dé November, eré inú pápá oko ni: nínú àṣekágbá NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, kìlómítà mẹ́fà ni àwọn obìnrin ń sá, mẹ́wàá ni ti ọkùnrin. Èèyàn méje ló ń sá fún ilé-ìwé kan, márùn-ún àkọ́kọ́ nínú wọn ni wọ́n ń ka ipò wọn mọ́ra, ilé-ìwé tí àròpọ̀ tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Bí òtútù bá dé, wọ́n á wọ abẹ́ òrùlé lọ sá lórí pápá mítà 200, níbi tí mítà 800 ti di ìyípo mẹ́rin. Láti March dé June, wọ́n á padà síta gbangba. Ẹni tó ń sá mítà 100 kò ní ohun tó ń wá nínú pápá oko, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pe ẹni tó ń sá mítà 10,000 sí eré ọlọ́pàá 4×400, tí èèyàn mẹ́rin ti ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Asáré mítà 800 ni ọmọ tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́.

Máàkì ló sì ń fa rírán náà. Nínú àṣekágbá, ẹni àkọ́kọ́ ń gba máàkì 10 fún ilé-ìwé rẹ̀, èkejì 8, ẹ̀kẹta 6, títí dé orí ẹni kẹjọ tó ń gba 1. Àwọn máàkì yìí náà ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ kóòṣì. Ẹ wá wo bí ọmọ ṣe ń dé ibẹ̀ lórí pápá ìta. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, èèyàn 48 ń díje lápá kọ̀ọ̀kan, 12 ń yege. Ẹni tó bá máa gba mítà 800 gbọ́dọ̀ sá a lẹ́ẹ̀mejì lápá tirẹ̀, kó tún sá a lẹ́ẹ̀mejì níbi àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kóòṣì bá ní kó fi mítà 1500 kún un, ó di ẹ̀ẹ̀mẹjọ, a ò tíì mẹ́nu ba eré ọlọ́pàá. Lójú tèmi, kóòṣì tó dára jù ni ẹni tó lè wo máàkì mẹ́wàá nílẹ̀ kó má bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Athing Mu fi hàn bí wọ́n ṣe ń yan eré tí asáré mítà 800 máa sá. Trenton ní New Jersey ni wọ́n bí i sí, Gúúsù Sudan ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ó wọ yunifásítì Texas A&M ní 2020, Milton Mallard sì ń kọ́ ọ. Ní April 2021, ó sá mítà 800 ní 1:57.73, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kankan nínú NCAA kò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, nígbà tí àṣekágbá NCAA dé ní June, mítà 400 ló sá, kì í ṣe 800. Ó gbà á ní 49.57, ó tún bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba 4×400, méjèèjì sì di àkọsílẹ̀ tuntun láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdíje yẹn parí ní June 12, èyí tí Amẹ́ríkà fi yan àwọn tó lọ sí Tokyo sì bẹ̀rẹ̀ ní June 18. Ó sá mítà 800 níbẹ̀, ó gbà á ní 1:56.07. Ní August, ó gba góòlù Olympics ní 1:55.21, ọmọ ọdún 19. Láti ọdún 1968 tí Madeline Manning ti gbà á, obìnrin Amẹ́ríkà kankan kò tíì gbà á mọ́.

Kó tó lọ sí Tokyo ló ti fi eré yunifásítì sílẹ̀, tó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Nike, lẹ́yìn ọdún kan péré. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ kóòṣì rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Mallard náà ló ṣì ń gbáradì títí di 2022. Ohun tó fi sílẹ̀ ni ọdún mẹ́ta tó kù fún un láti díje, torí òfin ìgbà yẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti díje fún ọdún mẹ́rin láàárín ọdún márùn-ún, ẹni tó bá sì gbowó ilé-iṣẹ́ bàtà nígbà yẹn kò lè sá fún ilé-ìwé mọ́.

Ní July 1, 2021, ìyẹn yí padà: NCAA gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gbowó ìpolówó. Ti sìkọ́láṣíípù náà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, 18 péré ni ilé-ìwé kan lè fún gbogbo obìnrin tó ń sáré fún un, 12.6 ni ti ọkùnrin, wọ́n sì máa ń bu ú sí wẹ́wẹ́, ẹlòmíì á gba ìdajì, ẹlòmíì owó ìwé. Láti sáà 2025, lẹ́yìn àdéhùn kan tí ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí, àwọn ilé-ìwé tó gba àdéhùn náà kò ní òté lórí iye sìkọ́láṣíípù mọ́. Iye èèyàn ni wọ́n fòté lé: 45 fún eré pápá, 17 fún ti inú oko.

Nínú àyípadà méjèèjì yìí, ọmọ tó bá ti Nàìjíríà lọ yóò rí i pé ilẹ̀kùn sìkọ́láṣíípù ṣí fún òun ju ti owó ìpolówó lọ. Sìkọ́láṣíípù lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ bíi ti ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n físà F-1 tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kò fàyè gba iṣẹ́ níta bó ṣe wù ú, bó bá sì lọ ya àwòrán ìpolówó fún oníbàtà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, físà náà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òbí tó fọwọ́ sí ìwé kankan, kó bi kóòṣì ní ìbéèrè méjì: èwo nínú owó ilé-ìwé, ibùgbé àti oúnjẹ ni sìkọ́láṣíípù náà máa san, fún ọdún mélòó? Ẹ̀ẹ̀melòó ni asáré mítà 800 tẹ́ ẹ ní lésìí sáré láàárín September sí June?