Ṣé o mọ̀? Àìlera tí ajá olówó ńlá ń jogún

Ṣé o mọ̀ pé ajá German Shepherd tó ń ṣọ́ géètì ní àdúgbò Maitama tàbí Asokoro ní Àbújá lè ti jogún àìlera láti ara ìyá àti bàbá rẹ̀? Ní 1899 ni Max von Stephanitz kọ ajá kan tó ń jẹ́ Horand sílẹ̀ ní Jámánì bí àkọ́kọ́ nínú ìran wọn. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń sìn wọ́n sábà máa ń mú àwọn tó bára tan gun ara wọn, àìlera sì ń tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú ìran wọn. IgA, èròjà tó ń dènà kòkòrò nínú ìfun àti imú, sábà máa ń kéré lára wọn. Èyí lè wà lára ohun tó ń mú kí wọ́n máa yàgbẹ́ gbuuru lemọ́lemọ́ nígbà mìíràn, tí awọ wọn sì ń dégbò. Àìsàn ehrlichia tí eégbọn ń kó ràn wọ́n tún máa ń le lára wọn ju lára ọ̀pọ̀ ajá lọ. Kó o tó sanwó ọmọ ajá, jọ̀wọ́, béèrè ìlera ìyá àti bàbá rẹ̀.