Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ: Ohun tí iná tó ń lọ lójijì ń ṣe fún kọ̀ǹpútà kékeré, àti bátìrì tó lè gbà á sílẹ̀

"NEPA ti mú un o!" Igbe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1972 ni ìjọba dá NEPA sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2005, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí PHCN, wọ́n sì pín in fún àwọn aládàáni lóṣù kọkànlá ọdún 2013. Síbẹ̀, orúkọ àkọ́kọ́ yẹn náà ló ṣì wà lẹ́nu ará ìlú. Bí iná bá lọ, ẹni tó ń lọ aṣọ á gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹni tó ń wo tẹlifíṣàn á bọ́ síta lọ gba atẹ́gùn. Bí iná bá dé, kálukú á padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, gbogbo ara rẹ̀ wà lórí pátákó kan ṣoṣo tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì tí wọ́n fi ń gbowó ní báńkì lọ. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn ni Raspberry Pi, tí Eben Upton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde lọ́jọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2012. Dọ́là 35 ni wọ́n ń tà á nígbà náà. Èrò wọn ni pé kí àwọn ọmọdé rí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n lè fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà fi gbà á lọ́wọ́ ọmọdé. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ará abúlé ni pé iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Nǹkan bíi wáàtì 5 ló ń lò bí iṣẹ́ kò bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ́nà méjìlá. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì lè kó ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣètò sínú Kolibri sórí rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi fóònù wọn kà á láìná kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà lè fi ṣe ìwé owó.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀

Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kan ló ra irú ẹ̀rọ yìí. Akọ̀wé wọn ń kọ owó tí kálukú dá sínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé, bó ṣe ń kọ orúkọ lọ́wọ́, iná lọ, kò sì pẹ́ tó tún dé. Nígbà tí ẹ̀rọ jí padà, kò mọ ilé mọ́, kìkì ọ̀rọ̀ òyìnbó ló ń tò sójú rẹ̀. Owó oṣù mẹ́jọ ti wọlé, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye tí Bàbá Àlàbá dá tàbí èyí tí Ìyá Ṣadé jẹ. Ẹ̀rọ ló gbàgbé o, ṣùgbọ́n akọ̀wé ni wọn yóò máa wò lójú.

Kí ló fà á? Kọ̀ǹpútà yìí kò ní bátìrì nínú bíi ti fóònù tàbí láàpútọ́ọ̀pù. Inú mẹ́mórì káàdì pẹlẹbẹ, irú èyí tí àwọn àgbà ń kó wáàsí àti orin sí, ni púpọ̀ nínú wọn ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ sí. Bí ènìyàn bá sì kọ nǹkan, kì í tẹ káàdì lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi í sórí ná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín àkókò yẹn, ohun tó wà lórí á dànù. Bó bá sì jẹ́ pé àárín ìgbà tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná lọ, ó dà bí ìgbà tí wọ́n já ìwé gbà lọ́wọ́ akọ̀wé tó ń kọ ojú ewé tó ń sọ ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù wà. Àwọn ojú ewé yòókù lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Aago tún ni ìṣòro mìíràn. Àwọn Raspberry Pi tó jáde ṣáájú èyí tí wọ́n pè ní Pi 5, tó dé lọ́dún 2023, kò ní aago tó ń ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè aago. Níbi tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó sùn lọ́jọ́ Ajé, tó jí lọ́jọ́bọ̀, lè rò pé ọjọ́ Ajé ṣì ni. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ yóò wá wà lára ìwé owó. Aago kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọn, tó ń lo bátìrì róbótó bíi ti aago ọwọ́. Pi 5 ní aago tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ló máa ra bátìrì aago náà lọ́tọ̀.

Ṣé powa bánkì tó?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni powa bánkì tí wọ́n fi ń gba fóònù sílẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan bí iná NEPA bá lọ tàbí tó bá dé. Fóònù kò ní mọ̀ ọ́n, kọ̀ǹpútà kékeré yìí á kú pátápátá. Kí ẹni tó fẹ́ lò ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn nígbà tí kò tíì sí ìwé pàtàkì nínú rẹ̀, kó pa súìsì ara ògiri, kó tún tàn án, nígbà mẹ́wàá. Bó bá kú lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó yáa wá òmíràn.

Èyí tó dára jù ni bátìrì tí wọ́n ṣe fún un, tó ń jókòó sórí pátákó rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kò pin sí pé kó gbé ẹ̀rọ ró. Ó tún gbọ́dọ̀ lè sọ fún un pé, "Iná ti lọ o, agbára mi sì ń tán lọ, tètè palẹ̀ mọ́." Ẹ̀rọ á wá kọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, á ti ìwé, á sì sùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò lówó bátìrì ńlá kò gbọ́dọ̀ banú jẹ́. Bátìrì tó lè gbé e ró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó gba ìwé là, bó bá ti lè sọ̀rọ̀.

Ọ̀fìn kan tún wà níbí tí ọ̀pọ̀ ń kó sí. Bí ẹ̀rọ bá ti sùn tán, tí iná sì dé kí bátìrì tó gbẹ, kò ní jí, nítorí lójú tirẹ̀, iná kò lọ rárá. Ó di dandan kí bátìrì náà jẹ́ irú èyí tó máa ń já iná kúrò lára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá sùn, tó sì ń dá a padà bí NEPA bá dé.

Bátìrì ńlá àti sólà

Fún ibi tí iná kì í ti í sí fún wákàtí púpọ̀, bátìrì fólítì 12 ló kàn. Ṣùgbọ́n fólítì 5 ni Raspberry Pi ń jẹ. Ẹni tó bá so ó mọ́ fólítì 12 tààrà ti dáná sun ún nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń rẹ fólítì sílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣájì fóònù nínú mọ́tò, kó sì jẹ́ ojúlówó tó lè gbé áńpù 3 fún Pi 4. Bí ẹ̀rọ náà tàbí wáyà rẹ̀ kò bá lágbára tó, àmì mànàmáná kékeré á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ebi ló ń pa á yẹn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ áńpù 7 fún wákàtí kan ní agbára 84, nítorí 12 lọ́nà 7 ni. Ṣùgbọ́n bátìrì olójé kò fẹ́ kí wọ́n lò ó kọjá ìlàjì, torí náà 42 ni kí a kà. Ẹ̀rọ tó ń rẹ fólítì sílẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, á ku nǹkan bíi 35. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ wáàtì 5, wákàtí méje nìyẹn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bátìrì tí wọ́n ń fà gbẹ lójoojúmọ́ kì í tọ́jọ́. Kí wọ́n fi fíúsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì náà pẹ̀lú, nítorí iná tó bá fi wáyà pàdé wáyà lè jó ilé. Bátìrì líthíọ́mù tó bá ti wú, kí wọ́n má ṣájì í mọ́.

Ohun tí bátìrì kò lè ṣe

Bó ti wù kí bátìrì dára tó, kì í gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ olè, òjò tàbí káàdì tó gbó. Ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé kíkà nìkan ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe lè ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti káàdì náà pa, kí ohunkóhun má ṣe kọ sí i mọ́. Bí iná bá lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ digbí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń kọ ìwé owó kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwọn ni pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìwé náà sórí fúláàṣì lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wà nílé ẹlòmíràn, kì í ṣe nínú yàrá kan náà. Kí wọ́n sì máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ṣeé kà, nítorí ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò rí kò yàtọ̀ sí àpótí tí wọ́n tì láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iná bá tún lọ, tí akọ̀wé sì jókòó jẹ́ẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò pe ìpàdé nítorí rẹ̀. Bàbá Àlàbá á mọ iye tó dá, Ìyá Ṣadé á mọ èyí tó jẹ. Orúkọ akọ̀wé á sì mọ́ láàárín ẹgbẹ́.