Àwòrán Tó Di Òkúta: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Ògiri Coit Tower

Ilé gogoro kan wà lórí òkè Telegraph Hill ní ìlú San Francisco, Coit Tower lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n kọ́ ọ tán. Nígbà tó fi máa di 1934, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ ò sí nígboro. Ìjọba àpapọ̀ wá ń san owó iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán tó lé ní 20 kí wọ́n lè ya àwòrán sára ògiri inú ilé náà. Ìgbé ayé àwọn ará California ni wọ́n yà: àwọn tó ń kórè, àwọn òṣìṣẹ́, èrò ìgboro. Victor Arnautoff tiẹ̀ ya àwọn olè tó ń ja ọkùnrin kan lólè lójú títì!

Kẹ́mísírì ni mò ń kà, torí náà, ẹ jẹ́ n dúró síbi ògiri yẹn díẹ̀. Fresco ló pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán yìí. Ẹ mú òkúta, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì, ẹ sun ún, ẹ da omi sí i. Calcium hydroxide nìyẹn. Wọ́n á pò ó mọ́ yanrìn, wọ́n á fi rẹ́ ògiri, ayàwòrán á sì fi àwọ̀ tí wọ́n fi omi lásán pò kùn ún kó tó gbẹ. Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ á wá sọ ọ́ di calcium carbonate, ìyẹn ni pé ó tún padà di òkúta, àwọ̀ sì há sínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rẹ́ ju ibi tí wọ́n lè yà tán lọ́jọ́ kan.

Ṣé ẹ rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Àwòrán ti di ògiri. Tí ògiri bá ń ṣàìsàn, àwòrán náà ń ṣàìsàn nìyẹn. Tí omi òjò bá ráyè wọ inú kọnkéré, á yọ́ iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀, á gbé e wá sójú ògiri. Omi á gbẹ, iyọ̀ á dì, á máa wú, á sì ṣí àwọ̀ kúrò. Ẹ ti rí i rí: ìyẹ̀fun funfun tó máa ń yọ nísàlẹ̀ ògiri tó ń fa omi. Ẹ wá fi èémí àlejò kún un, àti ọwọ́ ọlọ́ràá, àti báàgì tó ń ha ògiri.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, àwọn ará ìlú dìbò: ṣé kí wọ́n dín òde aládàáni kù nínú ilé náà, kí owó tó ń wọlé níbẹ̀ sì kọ́kọ́ lọ sórí ìtọ́jú àwòrán? Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni ló borí, àmọ́ wọn ò fi púpọ̀ borí. Ìbò náà ò de ìjọba lọ́wọ́ bí òfin, síbẹ̀ láàárín 2013 sí 2014, wọ́n ti ilé náà pa, wọ́n sì tún un ṣe.

Nínú irú iṣẹ́ yìí, ibi tí omi ń gbà wọlé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dí. Ẹni tó bá kun àwọ̀ tuntun sórí ògiri tó ṣì ń jò, owó ló ń dà nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ iyọ̀, wọ́n á wá kun ibi tó ṣí nìkan, pẹ̀lú ọ̀dà tó ṣeé nù kúrò lọ́jọ́ iwájú.

Ìsàlẹ̀ ilé ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Àmọ́ àtẹ̀gùn tóóró tí Lucien Labaudt ya àwòrán sí lọ́tùn-ún lósì, ẹ ò lè dá gùn ún. Afinimọ̀nà ló ń mú èèyàn díẹ̀díẹ̀ lọ. Ó lè máa bí àlejò nínú, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó dáa bẹ́ẹ̀: èjìká èèyàn méjì tó bá ń kọjá lára wọn níbẹ̀, ara àwòrán ni wọ́n máa fi nù.