Kí ni Kọ̀ǹpútà Níwájú Òfin? Àgbéyẹ̀wò Oríkì Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn

Ìfáárà

Orúkọ tí Yorùbá fún kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ayárabíàṣá, dá lórí eré. Ẹni tí ó sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ wo bí àṣá ṣe ń já wá gbé òròmọdìẹ, ó wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì so méjèèjì pọ̀. Nínú kíláàsì, orúkọ yìí tó. Níwájú adájọ́, kò tó, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rọ tí ó lò bá bọ́ sínú ààlà ọ̀rọ̀ náà lè ṣẹ̀wọ̀n, nígbà tí ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ wà lẹ́yìn ààlà lè gba ilé rẹ̀ lọ. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí òfin Amẹ́ríkà, ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà ṣe pa ààlà náà.

Oríkì tí Amẹ́ríkà ṣe

Ọdún 1984 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe òfin àpapọ̀ lórí ìwà ọ̀daràn tí ó jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1986, ó sì di èyí tí wọ́n ń pè ní Computer Fraud and Abuse Act. Gẹ́gẹ́ bí òfin yìí ti wí, kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá lórí ìwífún, yálà iná ni ó ń lò, tàbí òòfà, tàbí ìmọ́lẹ̀, tàbí ọ̀nà mìíràn, tí ó sì ń ṣe ìṣirò, tí ó ń fi ìwífún wéra, tàbí tí ó ń kó o pamọ́. Ìyára ni àwọn náà tẹnu mọ́, bí ẹni tí ó pilẹ̀ orúkọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe gbọ́dọ̀ yára tó. Wọ́n wá yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀: tàípúráítà tí ń dá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tí ń to lẹ́tà fún ìwé títẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò àfọwọ́mú, àti ohun tí ó bá jọ wọ́n. Àkójọ yìí ń rùn bí ọ́fíìsì ọdún 1984.

Ẹjọ́ ni ó fi ibi tí oríkì náà nà dé hàn. Ní 2003, ọkùnrin kan ní ìlú Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin fi àmì rédíò dí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti panápaná. Ìjiyàn wà pé rédíò kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ní 2005, nínú ẹjọ́ United States v. Mitra, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dáhùn pé kọ̀ǹpútà ni, nítorí pé ẹ̀rọ kan wà nínú ètò náà tí ń pín ìkànnì fún àwọn tí ń sọ̀rọ̀.

Ẹjọ́ United States v. Kramer ti 2011 tún kọni lóminú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùjẹ́jọ́, tí ó ti gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn tí ó kan ọmọdé, kò fi fóònù Motorola rẹ̀ ṣe ju ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ilé-ẹjọ́ gbà pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè má jẹ́ ohun tí ará ìlú ń pè ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n oríkì inú òfin ni ó de adájọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ará ìlú. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù 168 ni ó gbà, dípò oṣù 140 tí adájọ́ ìbá fún un bí fóònù náà kò bá jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi oṣù 28 kún ẹ̀wọ̀n ènìyàn.

Òfin tí ó kọ̀ láti túmọ̀

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Gold àti Schifreen wọ inú ètò Prestel láìgba àṣẹ, títí dé àpótí lẹ́tà Ọmọba Philip. Nítorí pé kò sí òfin kọ̀ǹpútà, òfin ayédèrú ti 1981 ni wọ́n fi mú wọn, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ sì fìdí ìdásílẹ̀ wọn múlẹ̀ ní 1988. Òfin Computer Misuse Act ti 1990 dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ kọ̀ǹpútà rárá, nítorí ohun tí ó bá èrò ìgbìmọ̀ àtúnṣe òfin wọn mu. Ní 1997, nínú ẹjọ́ tí ó dá lórí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ọtí wò nínú èémí awakọ̀, Lord Hoffmann fi gbólóhùn kúkúrú kan yanjú rẹ̀: ohun tí ń kó ìwífún pamọ́, tí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí ó sì ń gbé e jáde padà. Ìyára kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iná tàbí òòfà kò sí níbẹ̀.

Nàìjíríà

Abala 58 òfin Cybercrimes Act tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbólóhùn Amẹ́ríkà náà gan-an, pẹ̀lú tàípúráítà àti ẹ̀rọ ìṣirò tí ó yọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú abala kan náà, àwọn aṣòfin tún túmọ̀ ohun tí wọ́n pè ní computer system, ní ìlànà àdéhùn Budapest ti 2001, wọ́n sì dárúkọ fóònù alágbèéká níbẹ̀. Òfin Ẹ̀rí, Evidence Act ti 2011, sì ti sọ ní abala 258 pé ohunkóhun tí ń kó ìwífún pamọ́ tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Ìyọrísí rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ìṣirò kan náà lè jẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n bá mú un wá bí ẹ̀rí, kí ó má sì jẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ó lò ó. Olùkọ́ tí ó bá ń túmọ̀ abala 58 sí Yorùbá kò lè fi ẹ̀rọ ayárabíàṣá dúró fún computer àti computer system lápapọ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí òfin yọ sílẹ̀ nínú ọ̀kan àti ohun tí ó dárúkọ nínú èkejì yóò dà pọ̀ lójú akẹ́kọ̀ọ́.