Ẹ ra kẹ̀kẹ́ òkè tí kò ní ṣọ́kù

Ọ̀kan nínú yín béèrè irú kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó lè rà láti máa gun òkè Kàbà, tówó ẹ̀ ò ní gani. Ìdáhùn mi ni pé kó wá kẹ̀kẹ́ òkè àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe láàrin 1985 sí 1993 kí ṣọ́kù tó gbòde, tí fọ́ọ̀kù iwájú rẹ̀ jẹ́ irin lásán.

Kí ló dé? Ṣọ́kù tó ti gbó, rọ́bà inú rẹ̀ a máa jẹrà, ẹ̀yà ara rẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́. Irin lásán ò ní wàhálà yẹn.

Ẹ má tẹ̀lé ọ̀dà o. Ẹ wo abẹ́ férémù, níbi tó ti pàdé orí fọ́ọ̀kù. Bẹ́ ẹ bá rí ìlà tín-ínrín bí irun níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀: ó lè kán lójijì nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún táyà náà. “26” dà bí “ọkọ” tí a kò fi àmì ohùn sí: ṣé ọkọ ìyàwó ni, àbí ọkọ́, àbí ọkọ̀? Táyà 26 × 1.95 wà fún ríìmù 559. 26 × 1⅜ wà fún 590. Ìkan ò lè wọ èkejì. Nọ́ńbà 559 lẹ ó wá lára táyà.

Owó tó bá kù, ẹ fi pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì kẹ́ ẹ tó gun òkè kankan.