Tọ́bò yín kọ́ ló jẹ̀bi: ẹ́ńjìnnì 1.6 HDi àti wáṣà bàbà kékeré kan

Ohùn kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Arábìnrin kan ni, Leeds ló ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ló ń ṣe. Ọkọ̀ ló fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbí, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sọ́hùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, tọ́bò ọkọ̀ mi kú. Mo sanwó, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n fi sí i náà kú. Mẹkáníìkì ní kí n tún ra ẹ̀kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mi ò mọ ọkọ̀ wà ni, àbí ayé ló ń ṣe mí?"

Mo ní kó ya fọ́tò abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì fún mi. Bí mo ṣe rí ẹ́ńjìnnì náà, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. Lẹ́yìn náà ni àánú rẹ̀ ṣe mí. Tí ọkọ̀ yẹn ò bá rìn, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti Èkó àti Ìbàdàn, mo mọ̀ pé ọkọ̀ kékeré oní-dísù ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ yín, gẹnẹrétọ̀ àti tírélà lẹ fi mọ dísù. Àmọ́ ẹ má lọ. Ẹni tó bá ní ohunkóhun tó ní tọ́bò yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

DV6 ni orúkọ tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí ń pè é. Peugeot àti Citroën pẹ̀lú Ford ló pawọ́ pọ̀ ṣe é. Ní Trémery nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe ẹ́ńjìnnì ìdílé yìí nígbà náà, wọ́n sì ṣe é ní Dagenham pẹ̀lú, níbi tí àwọn ará wa kún sí. Lára Peugeot àti Citroën, 1.6 HDi ni wọ́n kọ sí i. Lára Ford, 1.6 TDCi ni. Ẹ óò tún bá a nínú Volvo kékeré, nínú Mazda 3, àní nínú àwọn Mini Cooper D kan. Tí ẹnì kan bá ń fọ́nnu pé Volvo lòun rà, òun ò ra Peugeot, ẹ ní kó ṣí bónẹ́ẹ̀tì ná.

Sílíńdà mẹ́rin ló ní, 1,560 cc. Ihò sílíńdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 75, písítìn sì ń rin mílímítà 88.3 nínú rẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, ní nǹkan bí 2004, ní fáàfù 16. Nígbà tó di bí 2010, wọ́n tún un ṣe, wọ́n dín fáàfù kù sí 8. Nínú àwọn ti ìṣáájú, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù: èyí tó ní agbára ẹṣin 90 àti èyí tó ní 110. Agbára ìfà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀kì, jẹ́ 215 Nm fún ti àkọ́kọ́, 240 Nm fún ti èkejì. Ibi tó dùn sí ni pé ní ìyípo 1,750 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹ́ńjìnnì ò tíì pariwo rárá, agbára yẹn ti pé. Ẹ gun òkè pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún àti ẹrù, kò ní mí gúlegúle. Epo kì í sì í jẹ. Tí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Dísù ò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣá iná bíi ti pẹtiróòlù. Ṣe ni ẹ́ńjìnnì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ní ìlọ́po bíi 18 nínú ti wa yìí, títí afẹ́fẹ́ yóò fi gbóná tó láti tan iná fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ni injẹ́tọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì nílé ń pè ní nọ́sù, yóò tú dísù sí i pẹ̀lú ipá tó lè dé 1,600 bar. Afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ yín kì í sábà kọjá 2.5 bar, ẹ fi wéra.

Injẹ́tọ̀ mẹ́rin ló wà, ìkọ̀ọ̀kan sì jókòó lórí wáṣà bàbà kan tí kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Iṣẹ́ wáṣà yìí ni láti dí àlàfo pa, kí iná àti èéfín inú sílíńdà má bàa rí ibi gbà jáde. Tí kò bá dí i dáadáa mọ́, èéfín yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ injẹ́tọ̀ gòkè. Ẹ óò máa gbọ́ fù-fù-fù lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, bí ìyá àgbà tó ń fẹ́ná, pàápàá láàárọ̀ tí ọkọ̀ ṣì tutù. Òórùn èéfín yóò máa wọ inú ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlé-gbóná. Tẹ́ ẹ bá sì wo ìdí injẹ́tọ̀, ẹ óò rí nǹkan dúdú tó ti gan bí ọ̀dà.

Ká ní ìta nìkan ni èéfín yẹn ń gbà lọ ni, ìyọnu rẹ̀ ò bá mọ sórí òórùn. Àmọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọnú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Gbogbo ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ ò sì tó lítà 4. Èérí dúdú bíi ti ìdí ìkòkò yóò máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ọ́ìlì yóò ki, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ nǹkan. Asẹ́ kan wà nísàlẹ̀, nínú sọ́ǹpù, ibi tí ọ́ìlì ń gbà gòkè. Lórí ọ̀pọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì yìí, asẹ́ kékeré mìíràn tún wà níbi tí wọ́n ti fi páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò so. Ihò rẹ̀ kéré gan-an. Ibẹ̀ ni èérí náà ti máa ń dí i.

Ẹ wá wo tọ́bò fúnra rẹ̀. Èéfín tó ń jáde ló ń yí i, ó sì lè yí ju ìgbà 150,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá àárín rẹ̀ ò fara kan irin nígbà tó bá ń yí, orí ọ́ìlì ló ń léfòó sí. Ẹ mú ọ́ìlì yẹn kúrò fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, irin ti ń họ irin nìyẹn.

Ẹ fi í wé fóònù tí kò gba iná mọ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ta bátìrì tuntun fún yín, síbẹ̀ ìdọ̀tí àpò ṣòkòtò ló di ihò tẹ́ ẹ ń ki ṣájà sí. Bí tọ́bò arábìnrin wa ṣe kú lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Tuntun ni wọ́n gbé wá, àmọ́ páìpù tó dí náà ni wọ́n so padà mọ́ ọn.

Èsì tí mo fún un ni pé kó má tíì ra ẹ̀kẹta. Kó kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì bóyá ó tú sọ́ǹpù sílẹ̀, tó sì fọ asẹ́ inú rẹ̀, àti bóyá páìpù ọ́ìlì tọ́bò jẹ́ tuntun tàbí ti àtijọ́ tí wọ́n kàn nù. Èyí tí kò ní asẹ́ kékeré yẹn wà lọ́jà. Ṣé wọ́n pààrọ̀ wáṣà injẹ́tọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n sì nu ojú ibi tó jókòó sí kó mọ́ kedere? Tí wọn ò bá ṣe èyí, èérí yóò tún padà wọnú ọ́ìlì. Intercooler náà ńkọ́? Tọ́bò tó fọ́ máa ń da ọ́ìlì àti ẹ̀rún irin síbẹ̀. Kí wọ́n tó wá fi tọ́bò tuntun sílẹ̀ fún un, kí wọ́n tú páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà láti ara rẹ̀, kí wọ́n wo bóyá ọ́ìlì ń ṣàn wá dáadáa tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Owó wáṣà mẹ́rin ò tó nǹkan. Títú injẹ́tọ̀ tó ti gan ló lè gba àkókò, ibẹ̀ sì ni owó iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó léwu gan-an. Tí tọ́bò bá fọ́ pátápátá, ẹ́ńjìnnì lè máa fa ọ́ìlì ara rẹ̀ mu bí epo. Yóò máa pariwo, èéfín yóò bo títì, ẹ óò yí kọ́kọ́rọ́, kò ní kú. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ oní-jíà ọwọ́, ẹ dá a dúró, ẹ tẹ bírékì mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ fi sí jíà tó ga jù, kẹ́ ẹ sì tú kíláàṣì sílẹ̀ kó lè kú. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ jìnnà sí i. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ arábìnrin yìí náà dá kún wàhálà ọkọ̀ rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ní fílítà tó ń gba èérí dísù nínú páìpù èéfín, DPF, ó gbọ́dọ̀ máa jó èérí yẹn dànù. Lára Peugeot àti Citroën, oògùn kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ dísù kó lè jó ní bíi 450 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ kì í jẹ́ kó gbóná tó bẹ́ẹ̀. Dísù tí wọ́n tú sí i láti fi jó o á wá máa ṣàn sínú ọ́ìlì. Tẹ́ ẹ bá fa ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì tẹ́ ẹ rí i pé ọ́ìlì ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù, ẹ má dúpẹ́. Ìrìn gígùn lójú ọ̀nà márosẹ̀, bí ìdajì wákàtí lọ́sẹ̀, máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ìwé ọkọ̀ lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pa ọ́ìlì dà ní máìlì 12,500. Ẹ máa pa á dà ní 6,000 ní tèmi, kí ẹ́ńjìnnì gbóná kẹ́ ẹ tó tú u, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kán tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ó ní ìdí tó fi pọ̀. Láti 29 oṣù kẹjọ 2023, gbogbo Lọ́ńdọ̀nù pátá ni ULEZ, ọkọ̀ dísù tí kò bá dé Euro 6 á sì san £12.50 lójúmọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn HDi yìí, Euro 4 àti Euro 5 ni. Ará Lọ́ńdọ̀nù ò fẹ́ ẹ mọ́, ará Leeds ló ń rà á. Ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtù, kí ẹni tó ń tà á má tíì tan án. Ẹ fetí sí fù-fù-fù yẹn, ẹ yọ ike tó bo orí ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé ìgbà tí wọ́n pa ọ́ìlì dà kẹ́yìn.

Arábìnrin wa ti ka gbogbo ìbéèrè yìí fún mẹkáníìkì rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà kọ́kọ́ bínú, ó ní ta ló ń kọ́ òun níṣẹ́. Nígbà tó yá, ó tú sọ́ǹpù, ó sì fi fọ́tò asẹ́ inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láìsọ nǹkan kan. Ó ju ìdajì lọ tó ti dí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa tú injẹ́tọ̀.