Ṣé O Mọ̀? Kí O Tó Gbin Igbó Sẹ́yìnkùlé

Ní ìlú Awẹ́, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í ṣòfò. Bí kò bá sí ewúro níbẹ̀, ìbẹ́pẹ á wà. Ní ayé ìsinsìnyí, àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí i lórí fóònù pé àwọn kan ń gbin igbó ní gbangba nílùú òyìnbó, wọ́n sì ń béèrè bí ẹni tí kò gbìn ín rí ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Èébú kọ́ ló tọ́ sí wọn. Ìmọ̀ ló yẹ ká fún wọn, nítorí náà ni mo ṣe kó ìwọ̀nyí jọ.

Ṣé o mọ̀ pé igbó ní akọ, ó sì ní abo? Bí ìbẹ́pẹ ṣe rí náà ló rí: ọ̀tọ̀ ni igi akọ, ọ̀tọ̀ ni igi abo. Òdòdó abo ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Bí a bá fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, a ó rí irun wínníwínní lára rẹ̀, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí roboto, ó sì ń dán. Inú orí roboto yẹn ni oje rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí ewé bá ṣì tútù, oje náà kì í tíì múni yó; iná ló ń sọ ọ́ di èyí tí wọ́n ń pè ní THC.

Ṣé o mọ̀ pé ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun tó jọ ọ́? Ní 1964, Raphael Mechoulam àti Yehiel Gaoni ní Ísírẹ́lì ṣàlàyé ohun tí THC jẹ́ gan-an. Ní 1992, Mechoulam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ń ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi tirẹ̀. Ó ń bá wa darí ìrora, oúnjẹ jíjẹ àti ìrántí. Ìdí nìyí tí èéfín igbó fi máa ń tètè da ìrántí ẹni rú.

Ṣé o mọ̀ pé kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí igbó dé ọ̀dọ̀ wa? Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn òpìtàn sọ pé àwọn ọmọ ogun wa tó jà ní Bọ́mà àti àwọn atukọ̀ òkun wà lára àwọn tó mú un wálé.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba ti fi ikú lé gbígbìn rẹ̀ rí? Òfin tí àwọn ológun ṣe ní 1966 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbin igbó yóò kú, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Ní 1975 ni wọ́n yọ ikú kúrò níbẹ̀. Ní 1989 ni òfin tó dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀ jáde, ìjìyà tó sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá gbin oògùn olóró lè dé ẹ̀wọ̀n gbére. Òfin wa kò fi àyè sílẹ̀ fún igi kan péré nínú ìkòkò. Ọmọdé tó bá gbìn ín ṣeré sẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀ lè kó gbogbo agbo ilé sí wàhálà.

Ṣé o mọ̀ pé àwo orin kan ti inú ọ̀rọ̀ igbó jáde? Ní 1974, ọlọ́pàá wá ká igbó mọ́ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì lọ́wọ́, ó sì gbé e mì. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n ń dúró de ìgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí. Àwo *Expensive Shit* tó jáde ní 1975 ló fi sọ ìtàn náà.

Ṣé o mọ̀ pé Abẹ́òkúta ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí igbó? Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrọ̀, Dókítà Tọ́lání Àsúnì ṣàkíyèsí àwọn aláìsàn tó ń mu igbó, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1964. Lónìí a mọ̀ pé ọpọlọ ènìyàn ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ láti ọ̀dọ́, ewu àìsàn ọpọlọ pọ̀ fún un ju fún ẹni tí kò mu. Àrọ̀ ṣì ń tọ́jú àwọn tó fẹ́ jáwọ́. Ẹ jẹ́ ká mú amugbó lọ síbẹ̀, ká má ṣe dè é mọ́lẹ̀ nílé.

Ṣé o mọ̀ pé igbó tí wọ́n sè mọ́ oúnjẹ lè léwu ju èéfín lọ? Èéfín a máa ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí a jẹ nínú kéèkì lè tó wákàtí kan tàbí méjì kó tó dé orí. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé kò ṣiṣẹ́, á tún jẹ sí i, ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì dé pa pọ̀, ara rẹ̀ kò ní lè gbà á.

Ṣé o mọ̀ pé Kolorado kì í ṣe igbó? Kẹ́míkà tí wọ́n fín sára ewé gbígbẹ ni. Inú iyàrá ìwádìí ni irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ti wá, ó sì lè le ju THC lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ibì kan kì í ṣe òfin ibòmíràn? Ní 2018, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè ní South Africa sọ pé àgbàlagbà lè gbin igbó fún ìlò ara rẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024, Jámánì gba igi mẹ́ta láàyè fún àgbàlagbà kan. Ṣùgbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀wọ̀n tó wà fún gbígbìn rẹ̀ lè tó ọdún 14. Ní Maryland, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, òfin ìpínlẹ̀ gba igi méjì láàyè láti 2023, àmọ́ òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gbà á. Ọmọ Yorùbá tó ní gíríìnì káàdì, tó wá gbin méjì yẹn, lè pàdánù ìwé ọmọ onílùú tó ń wá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún.

Ṣé o mọ̀ pé gómìnà ilẹ̀ Yorùbá kan ti rìnrìn àjò nítorí igbó? Ní oṣù karùn-ún 2019, Rótìmí Akérédolú ti ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ọ̀gá NDLEA lọ sí Thailand láti wo bí wọ́n ṣe ń fi igbó ṣe oògùn. Títí di òní, òfin wa kò tíì yí padà.

Ṣé o mọ̀ pé ewédú, tí òfin gbà wá láàyè láti gbìn, lè di àpò? Okùn tó wà lára igi ewédú ni júùtì tí wọ́n fi ń hun àpò. Kenaf náà ń mú irú okùn yẹn wá. Ìbátan ìṣápá ni, ewé rẹ̀ sì jọ ewé igbó débi pé orúkọ igbó wà nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un. Ilé iṣẹ́ ìwádìí IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn, ló ń ṣètò irúgbìn méjèèjì fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà.

Nítorí náà, ìwọ tí o fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń gbin nǹkan sílé, fi ewédú bẹ̀rẹ̀. Di kóró rẹ̀ sínú aṣọ, rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, torí èèpo rẹ̀ le. Yọ ọ́, tẹ́ ẹ kó gbẹ, kí o pò ó mọ́ iyanrìn, kí o sì fọ́n ọn sórí ebè. Kí oṣù kan àti ààbọ̀ tó pé, wàá ti máa já a, wàá sì lè gbé e lọ sọ́jà lójú gbogbo ayé.